Ẹni Tó Wà Níwájú Ló Ru Afẹ́fẹ́

Sátidé, 7 Oṣù Kejì

Òtútù òwúrọ̀ yìí wọ eegun. Síbẹ̀ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé pápá kẹ̀kẹ́ lásìkò, Bàbá Ewald, kóòṣì wa, sì ti débẹ̀ ṣáájú wa, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi òjò kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, tí wọ́n ti fi irin pààrọ̀ eegun ìbàdí rẹ̀, ló ń gbálẹ̀ fún wa. Mo ní kí wọ́n gbé ìgbálẹ̀ wá, wọ́n ní rárá. Àmínát nawọ́ sí àpótí irinṣẹ́ wọn, wọ́n fà á sẹ́yìn. "My box," ni wọ́n wí. Ọdún méjì rèé tí a ti ń gbìyànjú láti gba àpótí yẹn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún ní kí a yé pe àwọn ní Bàbá, pé Ewald lásán ti tó. Ẹnu wa kọ̀ ọ́.

Simeon, alága ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́, wá bá wa nígbà tí a gùn tán. Ó ní láti ìparí oṣù kẹrin, kóòṣì kan ṣoṣo ò ní lè máa dá kọ́ ènìyàn lórí pápá mọ́. Tí Bàbá ò bá ní igbákejì tí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ kí oṣù náà tó parí, wákàtí wa ti Sátidé á lọ fún àwọn ẹlòmíràn, iṣẹ́ Bàbá náà á sì parí síbẹ̀. Ojú ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán. Bàbá ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní àwọn ti fi orúkọ wa sílẹ̀ fún ìdíje ẹlẹ́ni mẹ́rin ti Mọ́ńdè Àjíǹde, pé tí ìgbìmọ̀ bá rí bí a ṣe ń gùn, kò sẹ́ni tó máa béèrè ọjọ́ orí àwọn mọ́.

Mo ń tú bàtà lọ́wọ́ nígbà tí Simeon rọra yọ sí mi. Ó ní ẹ̀kọ́ kóòṣì ò ju òpin ọ̀sẹ̀ méjì lọ, pé ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì gba Camberwell Green kọjá lójoojúmọ́ kò lè bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Mo ní mi ò ṣe. Ṣé kí n wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá arúgbó lójú ayé wọn ni? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Sátidé, 14 Oṣù Kejì

Èmi Tinúadé tí mo ti fi ọdún mọ́kànlá ṣépè fún gbogbo oníkẹ̀kẹ́ South London láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, èmi náà ni mo wá ń wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ra yìí. Dókítà ló fà á, òun àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi. Kẹ̀kẹ́ orí pápá ò tún ní bíréèkì. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún wọn níbi iṣẹ́.

Bàbá tò wá lónìí: Ìlérí ló ṣáájú, èmi ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Mummy Oyèníran, Àmínát ló kẹ́yìn. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gba afẹ́fẹ́, àwa tó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ á máa fi ìyẹn sinmi. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á yà sókè síbi tí ojú pápá ti ga, á jẹ́ kí àwọn yòókù kọjá, á sì wọ ẹ̀yìn. Bí Bàbá ṣe ń kọ́ni, ẹni iwájú kọ́ ló máa sọ pé ó ti rẹ òun. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó rẹ ara rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, tó ń wo èjìká rẹ̀, ló máa kígbe "Up!" kó tó yà.

Mo kígbe, Ìlérí yà. Mummy kígbe, èmi náà yà kíá, nítorí ohùn Mummy ni wọ́n fi ń pe oníbàárà láti òdìkejì Rye Lane. Ló bá kan Mummy láti wà níwájú. Wọ́n lọ, wọ́n lọ, èjìká wọn ti ń jó, kẹ̀kẹ́ ti ń falẹ̀, Àmínát tó wà lẹ́yìn wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹyẹlé kan rìn kọjá níwájú wa, kò tiẹ̀ yára. Bàbá wo aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú, tó wà lọ́rùn wọn, wọ́n ní bóyá ọ̀fun ń dun Àmínát.

Ọ̀fun kankan ò dùn ún. Ẹni ọdún márùndínlógójì ni Àmínát. Mummy ti lé ní ọgọ́ta, deaconess ni wọ́n, ìsọ̀ aṣọ wọn àti ti ìyá Àmínát ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ìyá náà tó padà sí Ìwó. Ta ló máa wà ní Peckham kó kígbe mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó yà?

Wẹ́sìdeè, 18 Oṣù Kejì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àmínát ní òun ò ní pa Sátidé kankan jẹ. Èmi tí mi ò gbààwẹ̀ ni ebi ń pa.

Sátidé, 21 Oṣù Kejì

Bàbá bi Àmínát ní ìbéèrè lórí sàárì bí ẹni tó ń bi ẹ̀rọ pé epo mélòó ló gbà: kí ló jẹ, ìgbà wo ló jẹ ẹ́, omi ńkọ́? Wọ́n ní kó máa jẹ ẹyin sí i. Wọ́n wá ní kó ṣáà kígbe lónìí, kígbe èyíkéyìí.

Nígbà tó kan Mummy láti wà níwájú, mo fetí sílẹ̀ láti ẹ̀yìn. Àmínát la ẹnu lóòótọ́.

"Mummy, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"O ṣé, ọmọ mi," ni Mummy dáhùn, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Ìlérí, ọmọ ọdún méjìlélógún, tí wọ́n bí síbí, tó dàgbà síbí, ò lè mú un mọ́ra. "Aunty Àmínát, just tell her to move, innit." Ó rò pé ohùn òun ò lọ sókè. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ bẹ Mummy pẹ̀lú bàtà tó nírin lábẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé wọn lẹ́sẹ̀. Mummy ní kò burú, ìlú yìí ló tọ́ ọ. A ò gùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá ń wò wá níkọ̀ọ̀kan, kò yé wọn.

Tọ́sìdeè, 26 Oṣù Kejì

Òjò. Wọ́n tún ti gbẹ́ ojú títì ní Camberwell. Oníkẹ̀kẹ́ kan wà níwájú bọ́ọ̀sì mi títí dé ilé ìwòsàn, ó ń fi àyà gba afẹ́fẹ́. Mi ò fun fèrè mọ́ ọn. Mo rí i pé èjìká rẹ̀ ti ń jó.

Sátidé, 28 Oṣù Kejì

Àwọn kan ń ṣe ìdíje lórí pápá, a ò ráàyè gùn. Mo gbé pọ́ǹpù Bàbá lọ fún wọn nílé ní Nunhead. Wọ́n po tíì, wọ́n sì sọ̀rọ̀ lónìí ju bí wọ́n ti ń sọ lọ.

Abúlé kan lẹ́bàá Gera, ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ni wọ́n bí wọn sí, bàbá wọn ń wa kùsà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n nígbà tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títún ṣe. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ìje títí wọ́n fi ṣubú tí egungun èjìká dá sí méjì, ni ìjọba bá rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí irun orí wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Àwọn ọmọbìnrin wọn gba ife lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n fọ́tò kan ṣoṣo ló wà lára ògiri, ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, ẹ ò rí ojú ìkankan nínú wọn.

Nígbà tí Jámánì méjèèjì wá di ọ̀kan, àwọn tuntun gba ilé-ẹ̀kọ́ náà. Bàbá dúró létí pápá lọ́jọ́ kan, aago lọ́rùn, àwọn ọmọ ń gùn. Ọmọkùnrin kan wọlé, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ní òun ni kóòṣì tuntun, kí wọ́n jọ̀ọ́ bọ́ aago fún òun. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n bọ́ ọ fún un. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà ni àwọn yà ra òmíràn, òun ló sì wà lọ́rùn wọn títí di òní. Wọ́n ṣe iṣẹ́ ní ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ títí Margit ìyàwó wọn fi rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Camberwell. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá sí pápá ni wọ́n ń kọ́: ọmọdé, àwọn tó ń pín lẹ́tà, wá kan àwa. Margit wà ní ibojì tó wà lókè ọ̀nà ilé wọn báyìí.

Wọ́n bi mí bóyá Simeon ti bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní ó bá mi sọ ọ́, mo sì kọ̀. Wọ́n mi orí, wọ́n ti bisikíìtì sún mọ́ mi. Inú mi dùn gan-an pé mo kọ̀. Mi ò lè jẹ́ ọmọkùnrin yẹn.

Sátidé, 7 Oṣù Kẹta

Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mummy gùn títí ẹsẹ̀ wọn fi wúwo, gbogbo wa ń rá lẹ́yìn wọn.

Bàbá ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Wọ́n ní bóyá ọ̀nà tí àwọn fi ń kọ́ni ti gbó, bóyá òótọ́ ni Simeon ń sọ. Mo mọ ohun tó ń ṣe wá, ó wà lórí ahọ́n mi, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá láìjẹ́ pé mo bu Mummy kù lójú wọn? Mo gbé e mì.

Tọ́sìdeè, 12 Oṣù Kẹta

Ìsinmi. Mo lọ Rye Lane. Iṣu ti gbówó lérí débi pé mo ní kí wọ́n gé ọ̀kan sí méjì fún mi, ẹni tó ń tà á wò mí bí ẹni tó wá láti abúlé.

Mo rí Mummy Oyèníran lọ́ọ̀ọ́kán, ìdì aṣọ méjì ní apá kan, àpò iṣu ní apá kejì, wọ́n ń fara gbún àwọn èrò. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Àmínát ti yọ láti òdìkejì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ilé ìtajà oògùn. Kò tilẹ̀ kí wọn tán.

"Ẹ gbé e fún mi, mà."

"Àmínát, you're fasting now. Fi sílẹ̀."

"Mummy, ẹ gbé e fún mi."

Ó sì já gbogbo rẹ̀ gbà. Mummy ò jà. Wọ́n bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ju apá wọn fẹ̀ẹ̀ bí ẹni tó ń gba afẹ́fẹ́, Àmínát ń la ọ̀nà fún wọn níwájú.

Mo dúró síbẹ̀ títí ẹlẹ́ja fi bi mí bóyá mo fẹ́ rà á àbí mo fẹ́ máa wò ó. Ọmọ tí kò lè sọ fún Mummy pé kí wọ́n yà, òun náà ló já nǹkan gbà lọ́wọ́ wọn ní gbangba, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bí kò bá já a gbà ni à bá sọ pé wọn ò kọ́ ọ. Láti ọjọ́ kìíní ni Bàbá ti ń sọ fún wa pé ẹni iwájú ló ń gbé afẹ́fẹ́. Ipò kọ́ ni Mummy ń gbé lórí pápá. Ẹrù ni.

Sátidé, 14 Oṣù Kẹta

Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, pé ojú àgbà ni kò jẹ́ kí Àmínát lè ké sí Mummy, pé ẹrù ni kó máa gbà; mo rò pé mo gbọ́n. Bàbá mi orí, ó yé wọn. Mummy ṣí akoto kúrò lórí.

"So láti February, ẹ ti ń fi mí ṣe ọmọ ọwọ́? Mò ń kú lọ níwájú, all of you, ẹ wà lẹ́yìn, ẹ ń wò mí?"

Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ wọn sínú ilé, wọ́n sì lọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo Bàbá.

Sọ́ńdè, 15 Oṣù Kẹta

Ọjọ́ Ìyá. Bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gba ilé Mummy lọ. Mo bá Àmínát lẹ́nu ọ̀nà, òun náà wá tọrọ àforíjì. A kúnlẹ̀. Mummy fi wá sórí ìkúnlẹ̀ pẹ́, wọ́n ń ká aṣọ.

Wọ́n wá bi Àmínát bóyá ẹni tó rí ẹrù lórí àgbà tí kò gbà á bọ̀wọ̀ fún àgbà náà. Ó ní rárá, mà.

"Then gbà á. Don't be managing me."

Wọ́n bu ìrẹsì fún mi, wọ́n di ti Àmínát sínú ike kó fi ṣínu. Ọkàn mi fúyẹ́.

Fúráìdè, 20 Oṣù Kẹta

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Àmínát gbé ìrẹsì àti ẹran lọ fún Bàbá. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọ àwo, wọ́n sì fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ tuntun sínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà fún un. Ta ló sọ fún wọn pé a kì í dá àwo padà lófìfo?

Sátidé, 21 Oṣù Kẹta

Ó ṣeé ṣe!

Mummy wà níwájú, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó, Àmínát sì ké e jáde láti ikùn: "Ẹ gbé e fún mi, mà!" Mummy yà sókè lẹ́sẹ̀ kan náà, wọ́n rọra bọ́ sẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí wọ́n ń mí, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kẹ̀kẹ́ ò falẹ̀ rárá. Bàbá bi mí ní ìtumọ̀ ohun tí Àmínát kígbe, mo sọ ọ́, wọ́n ń tún un pè títí ó fi dùn lẹ́nu wọn. Wọ́n ní láyé àwọn, àwọn ò rí àṣẹ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lórí pápá rí, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí gbogbo wa wá ń kígbe nìyẹn, Ìlérí pẹ̀lú, kódà sí èmi.

Sátidé, 28 Oṣù Kẹta

Simeon wá wò wá, ó pàtẹ́wọ́. Ó tún rán Bàbá létí pé òun ń retí orúkọ igbákejì. Bàbá ní kó jẹ́ kí a gun ìdíje ná. Nígbà tó lọ tán, wọ́n ní lẹ́yìn Àjíǹde, á gbàgbé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mi ò gbà á gbọ́.

Sọ́ńdè, 29 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti aago síwájú, mo sì gbàgbé. Díẹ̀ ló kù kí bọ́ọ̀sì àárọ̀ lọ láìsí awakọ̀.

Mọ́ńdè Àjíǹde, 6 Oṣù Kẹrin

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́.

Afẹ́fẹ́ lónìí kì í ṣe kékeré. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló wá. Àwọn mẹ́ta yòókù ń gun kẹ̀kẹ́ olówó iyebíye, ọ̀dọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Àmínát ki etí híjáàbù rẹ̀ bọ abẹ́ akoto, Mummy gbàdúrà fún gbogbo wa, ti mùsùlùmí àti ti onígbàgbọ́, a sì gbéra. Nígbàkúùgbà tí a bá dé ìgun tó kọjú sí ọ̀nà reluwé, afẹ́fẹ́ á fẹ́ dá wa padà, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì ké pé kí ẹni iwájú gbé e fún òun. Mo gbọ́ ọ, mo ké e, mi ò mọ iye ìgbà. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí a parí, Mummy wà níwájú, Àmínát ké sí wọn, wọ́n yà, wọ́n bọ́ sẹ́yìn, wọ́n sì dì í mú. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ wọlé. Ipò kẹta. A fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ sẹ́yìn lóòótọ́, Ìlérí sunkún bí ẹni tó gba ife àgbáyé. Bàbá wo aago wọn, wọ́n tún un wò, wọ́n wá yí ẹ̀yìn sí wa fún ìgbà díẹ̀.

Simeon bọ gbogbo wa lọ́wọ́. Ó ní òun ò tíì rí ẹgbẹ́ tuntun tó tò gún régé bẹ́ẹ̀. Ó wá wo ilẹ̀, ó sì sọ fún Bàbá pé òfin ṣì ni òfin, ìparí oṣù yìí náà ni. Bàbá ní ó yé àwọn. Kò sí ìjà nínú ohùn wọn rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpótí wọn, ìbàdí ò gbà fún wọn, wọ́n fi ọwọ́ di irin etí pápá mú, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Mo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má bàa mọ̀ pé mo rí i.

Mummy rí mi níbi tí mo ti ń gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Tinúadé." Wọn ò gbé ohùn sókè. "What Àmínát was doing to me, òun náà lò ń ṣe fún Bàbá yìí. O rí ẹrù lórí àgbà, o ń wo ẹ̀gbẹ́."

Ó gbá mi láyà. Gbogbo ìgbà tí mo ń pe ara mi ní ọmọ tó mọ̀wà hù, mo ti fi bàbá náà sílẹ̀ níwájú, nínú afẹ́fẹ́, láti oṣù kejì. Mo lọ bá wọn, mo sì di ọwọ́ àpótí mú. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, nítorí èyí yé wọn.

"Bàbá, ẹ gbé e fún mi."

Ọwọ́ wọn ò kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ní ìgbà tí ẹnìkan gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn gbẹ̀yìn, ilé ni àwọn lọ. Mummy ló dá wọn lóhùn.

"Coach, nobody is going home. Ẹni tó bá gbé e sílẹ̀, ẹ̀yìn ló ń lọ. You taught us."

Mummy tún fi kún un pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ló ń ru igbá rẹ̀ délé, pé Bàbá yìí ò dá nǹkan kan jẹ láyé wọn, kí ló dé tí wọ́n ń ru igbá? Wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún Bàbá ní gẹ̀ẹ́sì, pé kò sí èémí lọ́rùn àwọn mọ́. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Bàbá fetí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ka iye eyín ṣéènì fún. Lẹ́yìn náà wọ́n ju ọwọ́ sílẹ̀.

Àpótí yẹn wúwo. Mi ò mọ̀ pé irin inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé e dé ibi ọkọ̀, mo sì pe Simeon pé kó kọ orúkọ mi.

Sátidé, 11 Oṣù Kẹrin

Oòrùn ràn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ̀kọ́ mi bẹ̀rẹ̀, mo ti bá ẹnìkan níbi iṣẹ́ pààrọ̀ ọjọ́.

Bàbá bọ́ aago ọrùn wọn, wọ́n sì fi í kọ́ mi lọ́rùn. Wọ́n jókòó sórí àga lẹ́yìn mi pẹ̀lú tíì. Àwọn mẹ́ta gbéra, mo tẹ aago, Bàbá ní mo pẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ní mi ò pẹ́. Wọ́n ní mo pẹ́. Mo pẹ́ lóòótọ́.

Nígbà tí a ṣe tán, mo bọ́ ọ, mo sì nà án sí wọn. Wọn ò gbà á. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa yà ra òmíràn bí wọ́n bá ń lọ sílé. Wọ́n ní rárá, àwọn ò ra òmíràn.